Àgbéyẹ̀wò Ilé Ọtí Àdúgbò Wa Tí Wọ́n Ti Tì Pa

Ilé ọtí tí mo fẹ́ ṣe àgbéyẹ̀wò rẹ̀ yìí kò sí mọ́. Wọ́n ti kó àga rẹ̀ jáde, wọ́n ti tú ẹ̀rọ ọtí kúrò lórí káńtà, onílé sì ti fi àgádágodo sẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé àgbéyẹ̀wò ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè rà mọ́ lè dà bí àṣedànù lójú àwọn kan, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí ibẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́, kò sí ọ̀kan nínú àwa oníbàárà tó kọ nǹkan kan sílẹ̀ nípa rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí iṣẹ́ rere tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lọ láìsí ẹni tó jẹ́rìí sí i.

Orí ọtí fúnra rẹ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti kọ́kọ́ hàn sí mi. Bíà inú àgbá kì í ṣàdédé dùn. Afẹ́fẹ́ ló ń tì í gba inú páìpù wá sẹ́nu ẹ̀rọ, bí wọn kò bá sì fọ páìpù náà dáadáa, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìwúkàrà àti àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí yóò lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, ọtí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Ẹni tó ni ilé ọtí náà, àgbà obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, kì í fi ọ̀rọ̀ páìpù falẹ̀ rárá. Bí ó ṣe ń tọ́jú ife ló wú mi lórí jù. Bí ọ̀rá tàbí ọṣẹ bá kù lára ife, bí ó ti wù kó kéré tó, yóò pa ìfófó orí ọtí, ọtí náà yóò sì tètè dá pẹrẹsẹ. Màmá á gbé ife sókè sójú iná kó tó fà á sábẹ́ ẹ̀rọ, á yí i wò, bí ó bá sì rí àbàwọ́n tí èmi tí mo jókòó níwájú rẹ̀ kò rí, á dá a padà sínú omi láìsọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni yóò fi omi tútù ṣan inú rẹ̀, yóò dẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ọtí lè máa ṣàn wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, nígbà tó bá sì kù díẹ̀ kó kún, yóò gbé e nàró kí ìfófó lè bo ojú ọtí. Ọtí inú ìgò pàápàá, kì í jẹ́ kí oòrùn rí i, nítorí ìmọ́lẹ̀ máa ń ba èròjà kíkorò tí wọ́n fi pọn bíà jẹ́, yóò sì sọ ọ́ di ohun tó ń rùn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìgò bíà fi dúdú.

Kì í ṣe pé ibẹ̀ kò ní àbùkù. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ há, ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í sì í tì dáadáa. Irú ọtí tí wọ́n ń tà kò pọ̀, bí wọ́n bá sì ń gbá bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ gbọ́dọ̀ dúró dìgbà tí eré bá parí.

Síbẹ̀, ohun tó ń mú wa padà síbẹ̀ ju ọtí lọ. Ray Oldenburg, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ní ọdún 1989 pé ènìyàn nílò ibi kẹta yàtọ̀ sí ilé rẹ̀ àti ibi iṣẹ́ rẹ̀: ibi tí ipò ẹnikẹ́ni kò ti ga ju ti ẹlòmíràn lọ, tí ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́ olórí iṣẹ́, tí ènìyàn lè wọ̀ nígbà tó bá fẹ́, kó sì jáde nígbà tó bá wù ú. Ó ka ilé ọtí mọ́ irú ibi bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tó là sílẹ̀ yìí ni mo fi ojú ara mi rí. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì máa ń jókòó ti ọ̀dọ́ tó ń tún ọkọ̀ ṣe, wọn a sì jọ máa jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìlú bí ẹgbẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ náà ní àyè tirẹ̀. Màmá á gbé ife síwájú rẹ̀, á sì yà kúrò. Ní tèmi, èyí ṣòro púpọ̀ ju ká da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún oníbàárà lọ, nítorí kì í ṣe gbogbo agbọ́tí ló mọ ìgbà tó yẹ kí òun dákẹ́.

Ó tún mọ ìgbà tó yẹ kí òun má ta ọtí. Ní alẹ́ kan, ọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ ti pọ́n bèèrè ife mìíràn. Omi ni Màmá gbé fún un, ó sì na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tó wà lórí káńtà.

“Mu omi yìí ná, ọmọ mi. Ọtí ò ní í tán kó tó dọ̀la.”

“Mo gbọ́, Màmá.”

Kò sí ariwo, ojú kò sì ti ọkùnrin náà, nítorí ohùn jẹ́jẹ́ ni Màmá fi sọ ọ́, débi pé àwọn tó wà ní tábìlì kejì kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹlòmíràn ló wa ọkọ̀ rẹ̀ délé.

Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà gba ayé kan, ilé ọtí wà lára ibi tí ọ̀pọ̀ ìjọba kọ́kọ́ pa láṣẹ pé kí wọ́n tì. Bíà inú àgbá kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọlọ́tí káàkiri ayé ló da ọjà tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ nù. Màmá wà lára wọn. Ó ṣí i padà, a sì padà síbẹ̀ tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n gbèsè ti wọlé, àwọn kan nínú wa sì ti mọ́ ara wọn lára láti máa ra ọtí lọ sílé, níbi tí ó ti dín owó. Nígbà tí onílé wá fi owó kún owó ilé, kò sí ohun tó tún kù tí Màmá lè ṣe. N kò bá a wí. Mo bínú sí onílé náà, n kò sì ní fi bò, nítorí pé títí di àkókò tí mo ń kọ èyí, kò tíì rí ẹlòmíràn tó gba ibẹ̀.

A ti gbìyànjú láti máa pàdé nínú ilé ara wa, a rò pé bí a bá ti rí ara wa, ó tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ilé ẹni, àlejò ni àwa yòókù: ènìyàn gbọ́dọ̀ sọ pé òun ń bọ̀, onílé gbọ́dọ̀ tún ilé ṣe, ẹni tí kò bá rí ọwọ́ họrí lọ́sẹ̀ yẹn á sì jókòó sílé rẹ̀. Àwọn tí a kò mọ̀ ju ojú lọ, tí a máa ń kí lójoojúmọ́ láì mọ orúkọ wọn, a kò mọ ibi tí a ti lè pè wọ́n. Mo ti wọ àwọn ilé ọtí mìíràn, àga wọn sàn, ọtí wọn pọ̀ ní irú, ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn sì ń tì. Màákì mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún èyí tó dára jù nínú wọn, mo sì fún ti Màmá ní márùn-ún pé.