Ìtumọ̀ Olórin Àbí Ìtumọ̀ Olùgbọ́?

Ọ̀nà méjì ni mo máa ń gbà túmọ̀ orin: kí n wá ohun tó wà lọ́kàn olórin, tàbí kí n jẹ́ kí orin náà bá ìgbésí ayé tèmi sọ̀rọ̀.

Ẹ wo "Every Breath You Take" tí ẹgbẹ́ olórin The Police gbé jáde ní 1983. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà á sí orin ìfẹ́, wọ́n tiẹ̀ ń lò ó níbi ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n Sting, ọmọ ẹgbẹ́ náà tó kọ ọ́, ti sọ pé owú ló wà nídìí rẹ̀, pẹ̀lú ìfẹ́ láti máa ṣọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀. Nígbà tí mo mọ èyí, mo tún orin náà gbọ́, ara mi sì bù máṣọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni o! Àmọ́ ojú tí mo rò pé ó ń ṣìkẹ́ èèyàn ti di ojú ẹni tí kò fẹ́ kí olólùfẹ́ rẹ̀ mí.

Ọ̀nà kejì kì í béèrè ẹ̀rí. Ìlà orin kan tù mí nínú nígbà tí mo ń ṣọ̀fọ̀, ì báà jẹ́ ikú ni olórin ń sọ tàbí nǹkan mìíràn. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ìyẹn lọ́wọ́ mi. Tí mo bá ń ṣàlàyé orin fún ẹlòmíràn, ti olórin ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ. Tí mo bá dá wà, tèmi ni mò ń gbọ́.