Àtòjọ ibi iṣẹ́ ICSC: ohun èlò fún ẹni tí ń retí ibi tí a óò gbé e lọ

Àtòjọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí wà lórí ìkànnì ICSC, ìyẹn ìgbìmọ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá sílẹ̀ ní ọdún 1974 láti máa mójú tó owó oṣù àti ẹ̀tọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ti fi orúkọ sílẹ̀ fún àyè iṣẹ́ ní ìlú oríṣiríṣi nílẹ̀ òkèèrè, tí ó wá ń retí ìwé tí yóò sọ ibi tí yóò kó ẹrù lọ, kò lè rí ohun tí ó wúlò fún un jù ú lọ.

Lẹ́tà mẹ́fà ni wọ́n fi pín àwọn ìlú tí àwọn òṣìṣẹ́ náà ti ń ṣiṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìnira ibẹ̀ ṣe tó. H wà fún àwọn ìlú bíi New York àti Geneva àti àwọn mìíràn tí wọ́n kà mọ́ wọn, nígbà tí A títí dé E ń fi hàn bí ìnira ṣe ń pọ̀ sí i. Ètò ìlera, ààbò, ojú ọjọ́, ilé gbígbé, ilé-ẹ̀kọ́ àti jíjìnnà sí ìlú mìíràn wà lára ohun tí wọ́n ń gbé yẹ̀ wò. Láti B títí dé E ni òṣìṣẹ́ ti ń gba owó ìnira.

Ibi tí mo ti jàǹfààní rẹ̀ jù ni àmì tí ó ń sọ bóyá a lè mú ẹbí dání, nítorí pé àwọn ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ ààbò kò jẹ́ kí a gba ọmọ tàbí aya láyè. Ìwé ìpinnu lè pẹ́ kí ó tó dé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú ilé kì í dúró dè é: ṣé kí a san owó ilé-ẹ̀kọ́ sáà tí ń bọ̀, ṣé kí ẹnì kejì ẹni kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ta ni yóò sì wà pẹ̀lú àwọn ọmọ bí òbí kan bá ní láti dá lọ? Nígbà tí èmi àti ẹnì kejì mi jókòó ti àtòjọ náà, tí a yẹ àwọn ìlú tí mo yàn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, a lè fẹnu kò sórí ètò kan bí ẹbí bá lè lọ, àti òmíràn bí kò bá ṣeé ṣe. Láti ọjọ́ náà ni àríyànjiyàn ti rọlẹ̀ nínú ilé wa, bí ìwé náà kò tilẹ̀ tíì dé.

Àléébù rẹ̀ ni pé lẹ́tà kan ṣoṣo kò tó láti júwe ìlú. Ìlú méjì lè jọ wà ní C, kí ó jẹ́ pé àìsí ààbò ni ó gbé ọ̀kan débẹ̀, kí èkejì sì jẹ́ ìlú àlàáfíà tí dókítà kò pọ̀ sí. Òbí tí ọmọ rẹ̀ ní ikọ́ fée kò lè fi ojú kan náà wo méjèèjì. Wọ́n sì máa ń tún ìlú pín látìgbàdégbà, nítorí náà ó yẹ kí a wo ọjọ́ tí ó wà lórí àtòjọ náà kí a tó fọkàn tán an.

Mo gba gbogbo ẹni tí ń retí ìwé níyànjú láti lò ó, kí wọ́n sì wá ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nínú ìlú tí wọ́n ń fojú sọ́nà fún, kí wọ́n bi í léèrè ilé ìwòsàn àti ilé-ẹ̀kọ́ kí ọjọ́ tí a lè yí yíyàn padà tó kọjá.