The Wedding Party: ìyá ìyàwó ló gba fíìmù náà mọ́ wọn lọ́wọ́

Ní ọjọ́ Àìkú, èmi àti màmá mi tún jókòó wo The Wedding Party, fíìmù tí Kemi Adetiba darí ní 2016. Dúnni Coker, ọmọ Yorùbá, ń fẹ́ Dozie Onwuka, ọmọ Ígbò. Ìyá ọkọ sì gbà pé ìdílé ìyàwó kò tẹ́gbẹ́ tiwọn.

Àmọ́ Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé, ìyá ìyàwó! Kó ya ẹnu báyìí, ilé á gbóná. Bí àǹtí mi àgbà gẹ́lẹ́ ló rí: á bú ọ, á tún fà ọ́ mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá mi, tó ń ta gèlè láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ní kí n dá a padà lẹ́ẹ̀mejì níbi tí wọ́n ti ń jó wọ gbọ̀ngàn. Ó fẹ́ wo bí wọ́n ṣe wé e.

Wonu tó ń ṣètò ayẹyẹ náà dùn mọ́ mi. Iṣẹ́ tó fẹ́ fi lórúkọ ló ń làágùn lé lórí, Zainab Balogun sì ṣe é bó ṣe yẹ.

Ìjà Dúnni àti Dozie ti tètè parí jù. Síbẹ̀, nígbà tí Adesua Etomi, tó ṣe Dúnni, sunkún, omi bọ́ lójú èmi náà. Ẹ bá àwọn òbí yín wò ó.