Fáyólìn Arthur Richardson: iṣẹ́ ọwọ́ gidi, ṣọ́ọ̀bù aláìbìkítà

Ẹ máa yẹ ẹsẹ̀ bridge, igi pẹlẹbẹ tó gbé okùn fáyólìn sókè, wò kí ẹ tó sanwó. Ti fáyólìn tí mo rà yìí, èyí tí Arthur Richardson ṣe ní Crediton, ní Devon, bébà ń wọ abẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ fàlàlà. Ó yẹ kí ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ àyà fáyólìn típẹ́típẹ́. Bí àlàfo bá ti wà níbẹ̀, ohùn á há. Okùn E, èyí tó tín-ín-rín jù, náà sì ń súfèé. Mo fi han òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ó ní okùn ni kò tíì mọ́ra. Wọ́n pààrọ̀ okùn, wọ́n gbowó okùn, E ò dákẹ́. Ọ̀gá wọn tún ní bóyá ọrun tí mo fi ń fa okùn ni. Ọrun kẹ̀! Ẹnì kan nínú wọn ò tanná wo inú rẹ̀.

Alátùn-únṣe mìíràn ló ti dígí kékeré bọ inú rẹ̀. Sound post, igi róbótó tó dúró nínú ikùn fáyólìn, ti fì. Etí kan ṣoṣo ni orí rẹ̀ fi kan àyà. Wọn kì í fi àtè lẹ igi yìí, agbára okùn ló dì í mú. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù sì tú okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà! Ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń pààrọ̀ okùn.

Ó gbẹ́ bridge tuntun, ó fi irin tó tẹ̀ bí S gbé sound post nàró, mìlímítà 3 sẹ́yìn ẹsẹ̀ ọ̀tún bridge. Háà, ohùn dé! Okùn D tó ń ráùn tẹ́lẹ̀ là gaara, okùn G tó nípọn jù sì ki dáadáa. Richardson yìí náà ló bá Lionel Tertis, gbajúmọ̀ olórin tó ń lo viola (ẹ̀gbọ́n fáyólìn tí ohùn rẹ̀ jinlẹ̀ jù ú lọ), ṣe viola onínṣì 16¾ ní àwọn ọdún 1930, mo sì ń gbọ́ irú ìjìnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú G yìí. Ẹ wo ìlà dúdú tó yí etí rẹ̀ ká: wọ́n gbẹ́ igi kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀ ni, kì í ṣe ọ̀dà. Òun ni kì í jẹ́ kí sísán etí igi wọ àárín.

Ṣùgbọ́n èèkàn rẹ̀ tí à ń yí láti fa okùn le ń yọ̀ bí hítà bá ti gbẹ́ afẹ́fẹ́ ilé nígbà òtútù. Ẹ máa tì í wọlé bí ẹ ṣe ń yí i. Ojú ibi tí wọ́n ti lẹ igi pọ̀ nísàlẹ̀ náà ti já rí. Ẹ fi ìka kàn án kó-kó-kó yíká. Ibi tó bá dún gbirigbiri ló ti já. Àtè awọ ẹran ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, òun ló yẹ kó já kí igi má baà là. Ẹ má fi súpà gulú kàn án láéláé.

Ìràwọ̀ 5 nínú 5. Mi ò tà á o.