Ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ láti mọ ẹranko: ó ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ má gbé e sítòsí mai súyà

Iṣẹ́ wa ni ká yẹ ilẹ̀ wò, ká mọ ẹranko tó wà níbẹ̀, káwọn èèyàn tó kọ́ éṣítéètì sí i, lọ́nà Kuje àti Bwari l'Abuja níbí, ẹranko inú igbó ò sì dúró de ẹnì kankan, kẹ́ ẹ tó débẹ̀ gbogbo ẹ̀ ti sá. Lọ̀gá wa bá ra ẹ̀rọ kékeré kan, fáànù ló fi ń fa afẹ́fẹ́ gba inú fílítà, irun, awọ tó bó, itọ́, ìgbẹ́ tó ti gbẹ di eruku, gbogbo ẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn, láàbù á wá wo DNA tó wà níbẹ̀, ìyẹn àmì àbùdá tó ń fi hàn irú ẹranko tó jẹ́.

Kì í ṣe idán o. Ní 2022 ikọ̀ méjì gbé èsì jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ọgbà ẹranko ni wọ́n ti dán an wò. Ti Copenhagen ní Denmark rí oríṣi ẹranko tó ní eegun ẹ̀yìn 49, kódà ẹja inú adágún wọn wà níbẹ̀, ẹja o! Ti England rí 25, àti ẹran tí wọ́n fi ń bọ́ àwọn ẹranko ọ̀hún.

Irú ẹran bẹ́ẹ̀ ló kó àwa náà síṣòro. Ibi tá a kọ́kọ́ gbé e sí, mai súyà wà lẹ́yìn fẹ́ńsì, àwọn darandaran náà ń gba ibẹ̀ kọjá, èsì dé: màlúù, àgùntàn, adìyẹ, èèyàn. Ọ̀gá ní ṣé ọjà ẹran Deidei la lọ ni. Ìgbà tá a gbé e lọ sétí odò, tó jìnnà sí títì, la wá rí òkété, àdán, lékèélékèé àti òòrẹ̀, òòrẹ̀ yẹn ò sẹ́ni tó gbà á gbọ́ àfìgbà tí máígàdì mú ẹ̀gún ẹ̀ tó he jáde.

Bátìrì ẹ̀ dáa, kì í pariwo. Àmọ́ tí ọyẹ́ bá dé, eruku á dí fílítà kíá, oòrùn náà sì máa ń ba DNA jẹ́, òru ni kẹ́ ẹ lò ó. Kò lè sọ bóyá ẹyọ kan ni àbí ogún, atẹ́gùn sì lè gbé nǹkan wá láti ibi tó ju 200 mítà lọ. Láàbù tá a fi ránṣẹ́ sí lókè òkun pẹ́ gan-an, àwọn eku kan wà tó jẹ́ pé wọ́n kàn kọ "irú eku kan" sí i ni, torí ẹranko wa ò pọ̀ nínú àkójọ tí wọ́n fi ń wé e.

Mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ bi wọ́n bóyá fílítà wà nínú owó yẹn, àwa lọ́tọ̀ la ń ra tiwa, ó sì wọ́n gan-an.