Ìrìnàjò Kírìjì ọlọ́jọ́ kan: ẹnu gáìdì dùn, àmọ́ ó sáré jù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí léèrè ìrìnàjò tí mo lọ ní Sátidé kan síbi tí Ìbàdàn àtàwọn Èkìtì òun Ìjẹ̀ṣà ti ja ogun Kírìjì, 3 nínú 5 ni mo fún àwọn tó ṣètò ẹ̀. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n ní ká pé síbi ọkọ̀ n'Íbàdàn, mẹ́jọ lù ká tó gbéra, AC ò ṣiṣẹ́, ìyẹn gan-an kéré.

Ìkìrun la kọ́kọ́ dé. Gáìdì yẹn mọ ìtàn sọ o, ẹ má bá a ṣeré. Ó kó wa dúró létí odò Ọ̀tìn, ó ní lágbègbè yìí ni, November 1, 1878, ni Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n àtàwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ti lé àwọn Ìlọrin, Ìlá, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà títí tí wọ́n fi ń já lu omi, òun ló di Jálumi. Obìnrin kan ń fọṣọ nísàlẹ̀ ibẹ̀, kò tiẹ̀ wojú wa, omi rọra ń lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, èmi ń ronú iye èèyàn tó bá a lọ. Apá yẹn nìkan tó owó tí mo san.

Ibi tó ti bà á jẹ́ ni pé ó ní "bí Ìbàdàn ṣe ṣẹ́gun Èkìtì nìyẹn", làwọn ọmọ Ìbàdàn inú bọ́ọ̀sì bá pàtẹ́wọ́. Háà! Mo ní àbúrò, dúró ná. Torí ogun Jálumi là ń pè é, ogun Kírìjì náà là ń pè é, o wá pa méjèèjì pọ̀? Jálumi, ọjọ́ kan. Ogun Kírìjì tí Jálumi wà nínú ẹ̀, 1877 ló bẹ̀rẹ̀, 1893 ló tó tán pátápátá. Lẹ́yìn Jálumi ṣé Èkìtì lọ sùn ni? Fábùnmi, jagunjagun Èkìtì, ṣì ń bẹ, Ògèdèǹgbé wá di ọ̀gágun wọn, àwọn ọmọ wọn tó wà l'Ékòó ń fi ìbọn òyìnbó ránṣẹ́ sílé, ìró ìbọn ọ̀hún láàárín òkè náà ni wọ́n ń pè ní kí-rì-jì. Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, fúnra ẹ̀, bùdó ogun ló kú sí ní 1885, kò padà délé. Nígbà tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bọ́ lọ́wọ́ Ìbàdàn. Ta wá ló ṣẹ́gun?

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká dé Ìmẹ̀sí ná."

A dé Ìmẹ̀sí-Ilé lóòótọ́, ilẹ̀ ti ń ṣú, ogún ìṣẹ́jú péré! Ibi tó yẹ ká ti pẹ́ jù nìyẹn. Láti Ìgbájọ, níbi tí Ìbàdàn tẹ̀dó sí, ọ̀nà ò jìn rárá, mi ò tíì jẹ gúgúrú ọwọ́ mi tán tá a fi dé, ibẹ̀ yẹn ni wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún dojú kọra, kò sẹ́ni tó lè lé ẹnì kejì lọ. Kò sọ ìyẹn fún wa, fótò ló ń yà.

Oúnjẹ ńkọ́? Iyán ni wọ́n kọ sínú ìwé, ráìsì tútù ni wọ́n gbé wá. Mo bá wọn fà á títí wọ́n fi gbà pé àwọn á dá owó oúnjẹ padà, gbogbo bọ́ọ̀sì ló kí mi kú oríire. Jálumi tèmi nìyẹn o. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò tíì rí álẹ́ẹ̀tì kankan.