Ìkìlọ̀ fún gbogbo wa tí ń tún bọ́ọ̀dù ṣe l'Ábẹ́òkúta: ẹ ṣọ́ra fún lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń gbé kiri

Ẹ̀yin tí ń tún fóònù ṣe ní Pánṣẹ́kẹ́, ẹ̀yin onírédíò Láfẹ́nwá, ẹ̀yin tí ń tún ínfátà ṣe láti Kútọ̀ dé Òkè-Ìlẹ̀wọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó ra rọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀dì mìíràn, ìyẹn wáyà rírọ̀ tí a ń yọ́ láti fi lẹ ẹsẹ̀ ẹ̀yà mọ́ bọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ.

Ọkùnrin kan wà tó ń gbé ọjà wọ ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n kọ 63/37 sí lára wà nínú ohun tó ń tà. Owó rẹ̀ rọjú, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Á yọ rọ́ọ̀lù kan tó ti ń lò bọ̀ nínú báàgì, á fi jó wáyà lójú yín, á mú, á máa dán. Rọ́ọ̀lù yẹn kọ́ ló máa tà fún yín. Èyí tí ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀ ló máa kó fún yín, ibẹ̀ gan-an sì ni jìbìtì náà wà.

Nínú 63/37 gidi, tánganran (tin) jẹ́ 63 nínú ọgọ́rùn-ún, òjé jẹ́ 37. Tánganran ló ń mú bàbà ara bọ́ọ̀dù, òun náà ló sì wọ́n. Òjé pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tánganran. Ẹni tó bá ń wá èrè àjẹpajúdé, òjé ló máa rọ́ kún un. Ojúlówó máa ń yọ́ ní 183 °C, ẹ̀ẹ̀kan náà ló sì ń dì tí ẹ bá gbé áyọ́ọ̀nù tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì kúrò. Bí òjé bá ti tó 70 nínú ọgọ́rùn-ún, kò ní yọ́ tán àfi tí iná bá kọjá 250 °C. Bó bá sì ń tutù, á kọ́kọ́ ki bí ẹ̀kọ gbígbóná, kò ní ṣàn, kò sì ní tíì dì. Bí ẹsẹ̀ IC (ẹ̀yà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tó wà lórí bọ́ọ̀dù) bá mì pẹ́nrẹ́n lásìkò yẹn, inú ibi tí ẹ jó ti sán. Lójú, ẹ ó rò pé ó mú. Oníbàárà á sanwó, á lọ, kò ní pẹ́ tó fi máa gbé e padà wá pẹ̀lú ariwo.

Wáyà ọkùnrin yìí kò tiẹ̀ ní flux nínú. Flux ló ń fọ ìdọ̀tí àti ìdípẹtà kúrò lójú bàbà. Láìsí i, lẹ́ẹ̀dì á kàn ṣù róbótó, á máa yí kiri, kò ní tẹ́ sí ibi tí ẹ fẹ́. Mo ti rí ọ̀gá tó ń bú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lójú oníbàárà pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ iṣẹ́. Ó dùn mí dé ọkàn, torí ọmọ yẹn kò jẹ̀bi ohunkóhun.

Bí ẹ bá ráhùn, kò ní bá yín jiyàn. Á ní omi rẹ̀ ni ẹ ò ní. Á yọ ike kékeré kan, á tún gba owó lọ́wọ́ yín. Ásíìdì tí àwọn tó ń jó redíétọ̀ mọ́tò ń lò ni. Lóòótọ́, lẹ́ẹ̀dì á mú lójú ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n zinc chloride ló sábà máa ń wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, á sì máa jẹ àwọn okùn bàbà tín-ín-rín ara bọ́ọ̀dù díẹ̀díẹ̀ títí wọn á fi já. Iṣẹ́ redíétọ̀ ni kó máa bá lọ. Kò gbọdọ̀ dé orí bọ́ọ̀dù fóònù láé.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ní kó tú rọ́ọ̀lù tí ẹ fẹ́ rà gan-an, kó gé lára rẹ̀. Ẹni tó ní station (áyọ́ọ̀nù tí a lè yan bó ṣe máa gbóná tó), kó gbé e sí nǹkan bí 230 °C, kó nu ẹnu áyọ́ọ̀nù mọ́, kó fi wáyà kàn án. Ojúlówó á yọ́ wàrà, èéfín díẹ̀ á rú, òórùn oje igi á sì jáde. Èyí tó bá ń lọ́ra, tí kò sì rú èéfín, ẹ dá a padà fún un. Ẹni tí kò ní station, kó fi bíléèdì gé wáyà náà, kó wo àárín rẹ̀ bóyá flux wà níbẹ̀. Ẹ má fi píláyà gé e, torí ó máa ń tẹ ihò náà pa.

Mi ò fẹ́ ká ba olóòótọ́ lórúkọ jẹ́ o. Lẹ́ẹ̀dì tí kò ní òjé rárá wà lọ́jà, èyí tí wọ́n kọ Sn99.3 Cu0.7 sí lára, ìyẹn tánganran 99.3 àti bàbà 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún. 227 °C ló ń yọ́, ojú rẹ̀ kì í sì í dán púpọ̀. Ojúlówó ni. Bákan náà, bí ẹnu áyọ́ọ̀nù bá ti dúdú tàbí tí bọ́ọ̀dù bá dọ̀tí, kò sí lẹ́ẹ̀dì tó máa mú níbẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi áyọ́ọ̀nù kan bọ́ọ̀dù àti ẹsẹ̀ náà pa pọ̀ ní nǹkan bí 350 °C, kí ẹ wá fi wáyà kan ibi tó gbóná, kì í ṣe ẹnu áyọ́ọ̀nù.

Mo tún bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa fi eyín di wáyà mú. Májèlé ni òjé, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Ẹni tó bá ti fi omi ọkùnrin yẹn jó nǹkan, kó má dúró dìgbà tó máa bàjẹ́. Ẹ yọ bátìrì, ẹ fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ibẹ̀ dáadáa, ẹ wá fi spírítì nù ún, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó fún un níná.